Thebe Magugu: Aṣọ gẹ́gẹ́ bí ìwé ìtàn ní Johannesburg

Thebe Magugu, tí a bí ní ọdún 1993, jẹ́ oníṣẹ́-ọnà aṣọ ọmọ orílẹ̀-èdè South Africa tó fi ìlú Johannesburg ṣe ibùjókòó iṣẹ́ rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019 ni ó gba ẹ̀bùn LVMH ní ìlú Paris, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ẹ̀bùn náà bọ́ sí lọ́wọ́. Òkìkí ẹ̀bùn yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó mú iṣẹ́ rẹ̀ yàtọ̀ ti wà nílẹ̀ ṣáájú àkókò náà. Magugu ń lo aṣọ bí òpìtàn ṣe ń lo ìwé. Ó ń wá àwọn tí ọ̀ràn ṣojú wọn lọ, ó ń gbọ́ tẹnu wọn, ó sì ń gbé ohun tó bá rí sára aṣọ, títí kan ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn ará ìlú rẹ̀ ì bá fẹ́ gbàgbé.

Ó yẹ kí a ṣe àlàyé kan nípa orúkọ iṣẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀pọ̀ Yorùbá, télọ̀ ni ẹni tó ń gba ìwọ̀n, tó ń gé aṣọ, tó sì ń rán an fún oníbàárà tó gbé aṣọ wá. Irú oníṣẹ́-ọnà tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín kì í dúró de oníbàárà. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò ro ohun tó fẹ́ kí aṣọ náà sọ, tí yóò yan òwú, àwọ̀ àti bátànì, tí yóò sì gbé odindi àkójọ aṣọ jáde ní àsìkò kan pẹ̀lú èrò kan ṣoṣo tó so gbogbo wọn pọ̀. Aṣọ tó ń sọ ìtàn kò sì ṣàjèjì nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn obìnrin aládìrẹ ti gbé òpó gbọ̀ngàn Mápó sára àdìrẹ tí wọ́n pè ní Ìbàdàndùn, wọ́n sì ti fi àdìrẹ Olóba ṣe ìrántí àjọ̀dún Ọba George Karùn-ún àti Ayaba Mary ní ọdún 1935. Ẹni tó bá ti rí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ lára ìyá rẹ̀ àgbà yóò tètè lóye ohun tí Magugu ń ṣe.

Ìlú Kimberley ni wọ́n ti bí i, ìlú tí ìwakùsà dáyámọ́ńdì sọ di olókìkí láti nǹkan bí ọdún 1871, tí ihò ńlá tí àwọn awakùsà gbẹ́ sílẹ̀ ṣì wà láàárín rẹ̀ títí di òní. Àdúgbò Ipopeng, níbi tí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ya sọ́tọ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú, ni ó gbé dàgbà. Obìnrin ló tọ́ ọ: ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ àgbà àti àǹtí rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún kan nígbà tí gbogbo ará South Africa, dúdú àti funfun, kọ́kọ́ dìbò pa pọ̀ ní oṣù Kẹrin ọdún 1994. Nítorí náà, ìran tí kò fojú ara rẹ̀ rí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni ó ti wá, ìran tó jẹ́ pé ẹnu àgbà, àwòrán àti ìwé nìkan ló lè gbà mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ló dà bí ìbéèrè ọmọ tó ń bi àwọn àgbà ilé léèrè ohun tí wọ́n kò tíì sọ fún un.

Ní ọdún 2011 ni ó kó lọ sí Johannesburg láti kẹ́kọ̀ọ́ ní LISOF, ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ aṣọ kan níbẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́-ọnà aṣọ, yíya fọ́tò aṣọ àti ìròyìn nípa aṣọ. Ìlú tó dé yìí ti fẹ́ràn aṣọ tipẹ́tipẹ́. Ní àwọn ọdún 1950, àwọn ọ̀dọ́ Sophiatown máa ń wọ kóòtù àti fìlà bí àwọn ará Amẹ́ríkà inú fíìmù, ìwé ìròyìn Drum sì ń gbé àwòrán wọn káàkiri Áfíríkà. Nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn ènìyàn kúrò ní Sophiatown tipátipá ní oṣù Kejì ọdún 1955, tí wọ́n sì wó ilé wọn lulẹ̀, àwọn fọ́tò náà wà lára ohun díẹ̀ tó ṣẹ́kù láti fi hàn bí ìgbésí ayé ibẹ̀ ti rí. Lẹ́yìn tí òmìnira dé, Nkhensani Nkosi dá ilé-iṣẹ́ aṣọ Stoned Cherrie sílẹ̀ ní ọdún 2000, ó sì tẹ ẹ̀yìn ìwé ìròyìn Drum àti àwòrán Steve Biko sára àwọn ẹ̀wù tí àwọn ọ̀dọ́ ń wọ̀ lọ sí òde. Magugu kọ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó ronú pé a lè wọ ìtàn sọ́rùn ní Johannesburg. Ohun tí òun fi kún un ni ìwádìí: àwòrán olókìkí tí gbogbo ayé ti mọ̀ kò tó fún un, ó fẹ́ mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ọdún 2016 ni ó dá ilé-iṣẹ́ aṣọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn orúkọ tó ń fún àkójọ aṣọ rẹ̀ dà bí orúkọ ẹ̀kọ́ ní yunifásítì. Èyí àkọ́kọ́ ń jẹ́ Geology, ìyẹn ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta. Home Economics tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà Gender Studies àti African Studies. Ó ń tẹ ìwé kan jáde pẹ̀lú, tó pè ní Faculty Press, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ayàwòrán, òǹkọ̀wé àti oníṣẹ́-ọnà South Africa ti ń fi iṣẹ́ wọn hàn. Àmì ilé-iṣẹ́ náà ni àwòrán obìnrin méjì tó di ọwọ́ ara wọn mú. Ẹni tó bá rántí àwọn tó tọ́ ọ ní Ipopeng kò ní béèrè ibi tí àmì náà ti wá.

Àkójọ tó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn gbangba ni Prosopography, tó ṣe ní ọdún 2019. Orúkọ yìí jẹ́ ti ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ìtàn kan, níbi tí a ti ń kó ìtàn ìgbésí ayé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kan jọ kí a lè mọ ohun tó pa wọ́n pọ̀. Ẹgbẹ́ tí Magugu yàn ni Black Sash. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1955, àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun mẹ́fà pàdé ní Johannesburg nítorí pé ìjọba fẹ́ fi ọgbọ́n àrékérekè sọ àwọn ọmọ ilé aṣòfin àgbà di púpọ̀, kí ó lè gba ẹ̀tọ́ ìdìbò lọ́wọ́ àwọn tí òfin ìgbà náà ń pè ní Coloured. Ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ gbilẹ̀ kíákíá. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ẹ̀hónú hàn, wọn kì í pariwo. Wọ́n á kàn dúró ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́ níbi tí àwọn mínísítà yóò gbà kọjá, pẹ̀lú ọ̀já dúdú tí wọ́n gbé kọ́ èjìká bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀. Ìwé òfin ilẹ̀ wọn ni wọ́n ń ṣọ̀fọ̀. Wọn kò rí òfin náà dá dúró, nítorí ní ọdún 1956 ni ìjọba yọ àwọn Coloured kúrò nínú ìwé àwọn olùdìbò. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò tú ká. Ó ṣí ọ́fíìsì ìmọ̀ràn fún àwọn aláwọ̀ dúdú tí òfin ìwé ìrìnnà ń dà láàmú, Nelson Mandela sì dárúkọ rẹ̀ pẹ̀lú ọpẹ́ nínú ọ̀rọ̀ tó sọ ní Cape Town lọ́jọ́ tó jáde kúrò lẹ́wọ̀n ní oṣù Kejì ọdún 1990.

Kí ló mú kí ọ̀dọ́kùnrin aláwọ̀ dúdú láti Ipopeng fi iṣẹ́ rẹ̀ bọlá fún àwọn ìyáàfin aláwọ̀ funfun? Ìbéèrè yìí tọ́. Ẹni tó bá wo ìtàn náà dáadáa yóò rí i pé aṣọ gan-an ni ohun ìjà wọn. Ọ̀já kékeré kan, tí ẹnikẹ́ni lè rán nílé, ni wọ́n fi dójú ti ìjọba, títí tí ọ̀já fi di orúkọ ẹgbẹ́. Fún ẹni tó ń wá ẹ̀rí pé aṣọ lè ṣe ju ìbora lọ, kò sí àpẹẹrẹ tó sún mọ́ ilé ju èyí lọ. Nínú àkójọ náà, ó padà sí ìrísí aṣọ àwọn ìyáàfin àárín ọ̀rúndún ogún, aṣọ ọmọlúàbí tí kò fi ara hàn rárá pé ọ̀tẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni orí rẹ̀ ṣí ní òkè òkun. Ní oṣù Kejì ó gba ẹ̀bùn níbi ìpàtẹ International Fashion Showcase ní London. Ní oṣù Kẹsàn-án, àwọn mẹ́jọ ló kù nínú ìdíje LVMH ní Paris. Inú Yorùbá tó bá ka orúkọ wọn yóò dùn láti rí Kenneth Ize, ọmọ Nàìjíríà tó sọ aṣọ òkè di kóòtù àti ṣòkòtò tí ayé ń wò. Kunihiko Morinaga ti ilé-iṣẹ́ Anrealage láti Japan náà wà níbẹ̀. Magugu ló borí. Ẹ̀bùn náà jẹ́ 300,000 yúrò pẹ̀lú ìtọ́sọ́nà ọdún kan láti ọwọ́ àwọn ọ̀gá nínú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kí ọdún náà tó pé, àrùn kòrónà ti ti ibodè pa káàkiri ayé.

A kò lè sọ̀rọ̀ nípa ọmọ ilẹ̀ òkèèrè tó fi aṣọ mú Paris ronú kí a má rántí àwọn ará Japan. Ní ọdún 1981, Rei Kawakubo, tó ni ilé-iṣẹ́ Comme des Garçons, àti Yohji Yamamoto gbé aṣọ wọn dé Paris fún ìgbà àkọ́kọ́. Aṣọ dúdú ni púpọ̀ nínú rẹ̀, ó fẹ̀, kò fún mọ́ ara, etí mìíràn kò ní ìṣẹ́po, àwọn kan sì ní ihò bí ẹni pé kòkòrò jẹ ẹ́. Àwọn kan nínú àwọn oníròyìn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́, ṣùgbọ́n láàárín ọdún díẹ̀ wọ́n ti yí ohun tí ayé ń pè ní aṣọ rere padà. Kawakubo kò tilẹ̀ kọ́ iṣẹ́ aṣọ ní ilé-ẹ̀kọ́. Ìmọ̀ iṣẹ́-ọnà ni ó kọ́ ní Yunifásítì Keio. Ọ̀nà tí wọ́n là ni àwọn tó ti Áfíríkà wá ń gbà lónìí, nítorí àwọn ni wọ́n fi hàn pé ẹni tó wá láti ibòmíràn kò ní láti ránṣọ bí ọmọ Paris kí Paris tó gbà á. Síbẹ̀ ìyàtọ̀ wà. Kawakubo kì í fẹ́ ṣàlàyé aṣọ rẹ̀. Ó fẹ́ kí ojú rí i kí ọkàn sì dàrú díẹ̀. Magugu ní tirẹ̀ ń ṣàlàyé, nígbà mìíràn bí olùkọ́. Ìrísí aṣọ rẹ̀ kì í sábà dẹ́rù ba ènìyàn, torí ìdìlẹ̀ mìíràn ni ó gbé ìpèníjà rẹ̀ sí: inú bátànì, níbi tí ẹni tí kò béèrè kò ní rí i.

Àpẹẹrẹ tó le jùlọ ni Counter Intelligence, tó gbé jáde ní ọdún 2020. Magugu ti ka ìwé tí akọ̀ròyìn Jonathan Ancer kọ nípa àwọn amí ìgbà ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó wá lọ bá àwọn tó ti ṣe amí rí sọ̀rọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni Olivia Forsyth, obìnrin aláwọ̀ funfun tó jẹ́ ọlọ́pàá inú, tó wọ àárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ajàjàgbara ní Yunifásítì Rhodes ní àwọn ọdún 1980 bí ọ̀rẹ́, tó sì ń fi ọ̀rọ̀ wọn ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Nígbà tó yá, ó lọ bá ẹgbẹ́ ANC ní òkèèrè. Wọ́n tì í mọ́lé ní àgọ́ wọn ní Angola, kó tó sá wọ ilé aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Luanda ní ọdún 1988. Magugu gba ìtẹ̀ka ọwọ́ rẹ̀, ó sọ ọ́ di ńlá, ó sì tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ. Láti òkèèrè, àmì roboto lásán ni ojú ń rí, irú èyí tó wà lára aṣọ àwọn ọmọbìnrin níbi gbogbo. Ìgbà tí ènìyàn bá sún mọ́ ọn ni yóò rí ìlà ìka.

Ó ṣòro láti mọ ohun tí a ó sọ nípa aṣọ yìí. Àwọn tí amí tú àṣírí wọn lọ sẹ́wọ̀n, òmíràn kò sì padà wálé. Ìgbìmọ̀ tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu jẹ́ alága rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ẹ̀rí ní gbangba ní ọdún 1996, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo amí ló yọjú síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò sì mọ ẹni tó tà wọ́n títí di òní. Ṣé ó wá tọ́ kí ìtẹ̀ka amí di ọ̀ṣọ́ lára obìnrin tó lówó? Ẹni tó bá sọ pé kò tọ́ kò jẹ̀bi. Ohun tí a lè sọ fún Magugu ni pé bátànì náà ṣe ohun tí amí fúnra rẹ̀ ń ṣe: ó rẹwà, ó bá ẹgbẹ́ mu, ó wọ àárín ènìyàn láìsí ìfura. Nígbà tí ẹni tó wọ̀ ọ́ bá sì mọ̀ ohun tó wà lára òun, ó ti pẹ́. Àlàyé wo nínú ìwé ló lè mú ọ̀rọ̀ ọ̀dàlẹ̀ sún mọ́ awọ ara tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí àrùn kòrónà, fíìmù kúkúrú ni ó fi gbé àwọn aṣọ náà hàn ní Paris dípò ìpàtẹ. Ọ̀nà yìí bá a lára mu, ó sì lò ó lẹ́ẹ̀kan sí i fún Alchemy ní ọdún 2021, pẹ̀lú fíìmù tó pè ní Banyoloyi a Bosigo. Ìṣègùn ìbílẹ̀ ni Alchemy dá lé lórí. Noentla Khumalo, tó jẹ́ oníṣẹ́ aṣọ tó sì tún jẹ́ sangoma, ìyẹn oníṣègùn tó ń wádìí lọ́dọ̀ àwọn ará ọ̀run, da àwọn egungun àti ohun ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ lórí ẹní. Wọ́n ya fọ́tò bí wọ́n ṣe bọ́ sílẹ̀ gan-an, fọ́tò náà sì di bátànì aṣọ. Ẹni tó bá mọ bí babaláwo ṣe ń da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀, tó sì ń ka ohun tó hù, yóò mọ̀ pé àwòrán náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán: ó jẹ́ èsì kan ṣoṣo sí ìbéèrè kan ṣoṣo, tí kò ní hù bẹ́ẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ mìíràn. Nínú àkójọ yìí kan náà, ewé imphepho, tí àwọn oníṣègùn máa ń sun láti fi pe àwọn baba ńlá, wà lára ohun tí wọ́n fi ṣe àwọ̀ sí aṣọ onírun àgùntàn.

Genealogy tẹ̀lé e, níbi tó ti kó fọ́tò àtijọ́ ẹbí rẹ̀ jọ, tó jókòó pẹ̀lú ìyá àti àǹtí rẹ̀ kí wọ́n sọ ìtàn aṣọ tí wọ́n wọ̀ nínú wọn, tó sì tún àwọn aṣọ náà dá. Nínú gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, èyí ni ó rọrùn jùlọ láti fẹ́ràn.

Ní ọdún 2022, ó yíjú sí ọjà. Dunusa ni orúkọ tí àwọn ará Johannesburg ń pe ibi tí wọ́n ti ń ta aṣọ àlòkù láàárín ìlú; ọ̀rọ̀ náà ń tọ́ka sí bí oníbàárà ṣe ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó ń tú òkìtì aṣọ. Bọ́síkọ́nà ni Yorùbá ń pe irú ọjà yìí, àwọn mìíràn a sì máa pè é ní òkìrìkà. Aṣọ tí àwọn ará Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ti wọ̀ sú ló ń dé ibẹ̀, olówó pọ́ọ́kú rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ohun tó ń mú nǹkan le fún àwọn tó ń ránṣọ ní Áfíríkà. Ní South Africa, ìṣòro náà wọlé pọ̀ pẹ̀lú òmíràn: lẹ́yìn ọdún 1994, nígbà tí ìjọba dín owó orí aṣọ òkèèrè kù, ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ aṣọ ti ilẹ̀kùn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn, tí obìnrin pọ̀ jù nínú wọn, sì padà sílé. Magugu lọ sí Dunusa, ó ra aṣọ níbẹ̀, ó kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn, ó sì sọ wọ́n di ìpìlẹ̀ àkójọ tuntun tó pè ní Discard Theory. Victoria and Albert Museum ní London ni ó ti fi í hàn. Ohun tí London kó dànù padà sí London, ó sì wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò ọ̀wọ̀.

Ọdún yẹn kan náà ni ó ṣe àkójọ kan fún AZ Factory, ilé-iṣẹ́ tí Alber Elbaz, ẹni tí wọ́n bí ní Morocco, dá sílẹ̀ kó tó kú ní ọdún 2021. Magugu ni àlejò àkọ́kọ́ tí wọ́n pè láti máa bá iṣẹ́ olóògbé náà lọ. Ó tún ṣe aṣọ tẹ́níìsì fún Adidas. Ìwọ̀nba ni ohun tí àwọn iṣẹ́ wọ̀nyí fi kún èrò rẹ̀, àmọ́ wọ́n gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò mọ Paris.

Àríwísí kan wà tí kò tíì ní ìdáhùn. Aṣọ rẹ̀ wọ́n. Púpọ̀ nínú àwọn tí ìtàn wọn wà lára rẹ̀, láti Ipopeng títí dé Dunusa, kò lè rà á. Aládìrẹ Abẹ́òkúta ń ta aṣọ fún aládùúgbò rẹ̀. Ti Magugu sábà máa ń wọ ọkọ̀ òfuurufú kó tó dé ọwọ́ ẹni tó rà á. Ó gbìyànjú láti dín ọ̀nà yìí kù ní ìwọ̀n tó lè ṣe é: ó kọ̀ láti kó lọ sí Paris tàbí London lẹ́yìn ẹ̀bùn 2019, ó sì ń jẹ́ kí ọwọ́ àwọn ará South Africa ran èyí tó pọ̀ jù nínú aṣọ rẹ̀. Ní ọdún 2024 ó ṣí Magugu House ní Johannesburg, ilé kan tí ìsọ̀ aṣọ, ibi iṣẹ́ àti ibi ìpàtẹ wà pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní owó aṣọ lè wọlé síbẹ̀, kó dúró síwájú rẹ̀, kó sì kà á.